Nídìí Mọ́tò Tí Kì Í Rìn

Wọ́n ti gbé mọ́tò náà kalẹ̀ kí àwọn ọmọ tó jáde ní kíláàsì. Mọ́tò gidi ni, ó ní nọ́ńbà, ó ní dígí, ó ní ìjókòó, àmọ́ wọ́n ti fi irin gbé táyà rẹ̀ kúrò nílẹ̀ díẹ̀, wáyà dúdú sì gba abẹ́ rẹ̀ jáde lọ sídìí kọ̀ǹpútà kan lórí tábìlì. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, la wà. Oṣù kẹrin ọdún ni, oṣù tí àwọn ará Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ láti máa kìlọ̀ fún awakọ̀ tí ara rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn. Oòrùn ti ń mú. Ọ̀dà ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná débi pé gbogbo olùkọ́ ti sá sábẹ́ tẹ́ǹtì.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà ní Ìbàdàn ló mú mi dání. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wà nílé ẹ̀kọ́ náà, kò sì tíì pẹ́ tó gba láísẹ́ǹsì. Ní Texas, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè gba ìwé ìkọ́kọ̀. Tó bá pé mẹ́rìndínlógún, ó lè máa dá wa ọkọ̀, àmọ́ wọn ò tíì tú okùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá: kò gbọ́dọ̀ gbé ju ọ̀dọ́ kan tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ lọ, kò sì gbọ́dọ̀ wakọ̀ láàárín aago méjìlá òru sí márùn-ún ìdájí àyàfi tó bá nídìí pàtàkì. Ẹni tó bá mọ Houston á mọ ohun tó mú kí òbí máa kánjú lórí láísẹ́ǹsì ọmọ. Ìlú náà fẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, bọ́ọ̀sì ò kárí, ìyá tó bá sì fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ́jú kò tún lágbára àtigbé ọmọ lọ síléèwé kó tún padà lọ gbé e.

Bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ náà kò ṣòroó yéni. Tẹlifíṣàn ńlá mẹ́ta wà níwájú mọ́tò, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ọ̀kan láàárín, débi pé ẹni tó bá jókòó sídìí sítíárín kò ní rí nǹkan mìíràn ju ìlú inú kọ̀ǹpútà lọ: ilé, igi, iná ojú pópó, ọkọ̀ tó ń lọ, ọkọ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n so nǹkan kékeré kan mọ́ ibi ìtẹná, wọ́n so òmíràn mọ́ búréèkì àti ìdí sítíárín. Àwọn wọ̀nyí ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ọmọ ti tẹná, pé ó ti yíwọ́ sọ́tùn-ún. Ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ agbóhùn ń kùn bí ẹ́ńjìnnì. Kámẹ́rà kékeré kan wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ojú awakọ̀ ló kọ sí. Fóònù kan náà wà níbẹ̀, ti àwọn elétò. Láti ìdí tábìlì rẹ̀ ni obìnrin tó ń darí ètò ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i.

Àwọn awakọ̀ òfuurufú ló kọ́kọ́ jàǹfààní irú nǹkan báyìí. Lọ́dún 1929, Edwin Link, tí bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe dùùrù ní Binghamton, ní ìpínlẹ̀ New York, fi àpò afẹ́fẹ́ inú dùùrù kan ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tí kì í fò, kí ènìyàn lè jókòó sínú rẹ̀ kọ́ṣẹ́. Wọn ò kà á sí. Ìgbà tó di ọdún 1934, tí ìjọba ní kí àwọn ọmọ ogun òfuurufú máa fi bàálù kó lẹ́tà, tí wọ́n wá ń já lulẹ̀ tí wọ́n ń kú nínú ojú ọjọ́ tí kò dáa, ni ìjọba tó sáré wá rà á. Ẹ̀rọ tí mo ń wò yìí, àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ni.

Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ wọlé sígbọnlẹ̀, èjìká rẹ̀ fẹ̀, aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù iléèwé náà ló wọ̀. Ó de bẹ́líìtì. Ó wo dígí tó fi ń wẹ̀yìn, ó tún un ṣe, bíi pé ọ̀gá tó ń dánni wò fún láísẹ́ǹsì ló jókòó tì í. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti yọ fóònù, wọ́n ń ká a sílẹ̀ ní fídíò. Ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, torí fóònù ọ̀hún náà la ṣe péjọ.

Ó wakọ̀ dáadáa, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó dúró níbi iná pupa, ó dúró fún bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ tó ń já àwọn ọmọ sílẹ̀, eré rẹ̀ ò pọ̀ jù. Nígbà tó yá, fóònù dún. Ohun tí wọ́n bi í ò ju kí ló fẹ́ jẹ lẹ́yìn iléèwé. Ó wolẹ̀, ó wòkè, ó fi àtàǹpàkò tẹ lẹ́tà bíi mélòó kan, ó tún wolẹ̀. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ lọ sọ́tùn-ún díẹ̀díẹ̀, ó kù díẹ̀ kó gun ibi táwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà kó tó fà á padà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ hó yèè. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ ọgbọ́n rẹ̀ báyìí. Àtẹ̀jíṣẹ́ kejì wọlé, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ń fèsì lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan dún gbàà, dígí inú tẹlifíṣàn fọ́ yángá, gbogbo rẹ̀ sì ṣókùnkùn.

Ẹ̀rín ni wọ́n fi gbà á. Ẹnì kan tiẹ̀ ń fi ohùn kọrin òkú.

Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni n ò dá wọn lẹ́bi. Ikú inú ẹ̀rọ ò lẹ́jẹ̀, kò ní ìyá tó ń yí nílẹ̀. Ẹni tó kú á dìde, á ní òun tún fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ tó ti ń ṣe géèmù láti kékeré ti kú báyẹn láìmọye ìgbà, ó sì jẹun alẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà parí sí ni, ǹ bá ní kí wọ́n gbé mọ́tò wọn kí wọ́n máa lọ.

Obìnrin tó ń darí ètò ò sọ̀rọ̀ ikú rárá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi ọmọ náà bó ṣe ń tú bẹ́líìtì: irú aṣọ wo ni ọmọdé yẹn wọ̀?

“Ọmọdé wo?”

Ó rò pé ọkọ̀ kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lòun kọlù.

Obìnrin náà dá fídíò padà sẹ́yìn. Ọmọdé kan dúró létí títì, aṣọ rẹ̀ pupa fòò, ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀ sójú títì. Obìnrin náà wá gbé fídíò kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí kámẹ́rà orí dáṣíbọ́ọ̀dù ká: ojú ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Gbogbo wa rí i bó ṣe gbójú kúrò lára fóònù, tó wo iwájú, tó wo ọ̀gangan ibi tí ọmọdé yẹn dúró sí, tó sì tún padà sórí lẹ́tà tó ń tẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sára ọmọ náà. Kò rí i. Ó ní kí wọ́n tún un gbé, wọ́n sì tún un gbé. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó ń sọ ṣáá ni pé, “Àmọ́ mo wòkè. Ẹ̀yin náà rí i pé mo wòkè.”

Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé iṣẹ́ kan wà tí ẹ̀rọ yìí lè ṣe tí ìwàásù ò lè ṣe. Kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ ọ rí pé fóònù àti ọkọ̀ wíwà ò bára mu, gbogbo wa la sì ní àwíjàre kan náà: mò ń wo ọ̀nà, mo kàn ń jájú sí i ni. Ẹ̀rọ yìí gba àwíjàre yẹn lọ́wọ́ ọmọ náà pátápátá, lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wò lóòótọ́. Wíwò ọ̀hún ni kò ṣe é láǹfààní.

David Strayer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Utah, ti ń fi irú ẹ̀rọ báyìí ṣèwádìí tipẹ́. Nínú iṣẹ́ tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2003, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń tọpa ẹyinjú ṣọ́ ibi tí awakọ̀ ń wò. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìfọwọ́ mú un tẹjú mọ́ pátákó ìpolówó ọjà ẹ̀bá títì bíi tàwọn tí kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá fi pátákó wọ̀nyẹn hàn wọ́n lẹ́yìn náà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọn ò dá mọ̀. Lọ́dún 2006, Strayer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi awakọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù wé awakọ̀ tí wọ́n fún lọ́tí mu títí ọtí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi dé ìwọ̀n tí òfin ibẹ̀ kà sí ìmutíwakọ̀ nígbà náà. Onífóònù ò sàn ju ọ̀mùtí lọ. Fífi nǹkan sétí kí ọwọ́ lè wà lórí sítíárín kò mú un sàn, nítorí kì í ṣe ọwọ́ ló ń rí ọmọdé tó wà létí títì.

Iye ẹ̀mí tó ń ṣòfò nídìí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. NHTSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, ka èèyàn 3,308 tó kú lọ́dún 2022 nínú ìjàǹbá tí awakọ̀ tó gbọ́kàn kúrò lójú ọ̀nà lọ́wọ́ sí, àti 3,275 lọ́dún 2023. Èyí tí ọlọ́pàá rí àrídájú rẹ̀ ló wà nínú ìṣirò yẹn o. Awakọ̀ wo ló máa ń fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọlọ́pàá pé fóònù lòun ń tẹ̀?

Wọ́n kó àwọn tó ti wọ mọ́tò tán lọ sí pápá bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn ilé. Ọ̀gbẹ́ni kan tó tẹ̀ lé àwọn elétò wá ní kí wọ́n pín ara wọn sí méjìméjì, kí ẹnì kan dijú, kí èkejì mú un lọ́wọ́ rìn láti ìpẹ̀kun pápá kan dé ìkejì. Wọ́n kọ́kọ́ ń ti ara wọn, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n dé àárín pápá, ẹsẹ̀ àwọn tó dijú ti ń wúwo, wọ́n ń na ọwọ́ síwájú, ọmọbìnrin kan la ojú ní tiẹ̀, ó ní òun ò ṣe mọ́. Ọ̀gbẹ́ni náà dúró dè wọ́n lódì kejì pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ó ní ìrìn tí wọ́n rìn yìí, mọ́tò tó ń sáré máìlì márùnléláàádọ́ta ní wákàtí kan á rìn ín ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, díẹ̀ á tún ṣẹ́ kù. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ọ̀hún ni wọ́n ní ó máa ń gbà láti ka àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra mi lórí ìwé: ó lé ní ọgọ́fà mítà. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ Katy ní Houston sì rèé, ẹni tó bá ń sáré márùnléláàádọ́ta níbẹ̀, wọ́n á máa fọn fèrè lé e kúrò lọ́nà.

Mo padà sídìí mọ́tò nígbà tó kan ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Ó ti wo àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ó sì ti pinnu. Bó ṣe jókòó, ó gba fóònù náà, ó dojú rẹ̀ dé sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé, kò kà á sí. Òmíràn wọlé, kò tiẹ̀ yí ọrùn. Ó ń wakọ̀ lọ ní tiẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyá rẹ̀ fìgbọ̀nwọ́ gbún mi, inú rẹ̀ ń dùn. Obìnrin tó ń darí ètò náà wá ṣe ohun kan tí mo gbóríyìn fún un lé lórí. Kí wọ́n tó wọ mọ́tò, ó ti bi àwọn ọmọ náà pé ta ni wọn kì í jẹ́ kó pè tì, ó sì ti kọ èsì kálukú sílẹ̀. Ìpè ló fi ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́, ó sì ti fi ohùn ẹ̀rọ ọkọ̀ kéde orúkọ ẹni tó ń pè: Mọ́mì.

Kò jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí sítíárín, ó na apá sí ìjókòó ẹ̀gbẹ́, ó gbé fóònù sétí, ó ní “Hẹ́lò, mà.” Iná ojú pópó ti di pupa. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ti ẹ̀gbẹ́ wá, ó wọ̀ ọ́.

“Yéè! Jésù!” Ọ̀rẹ́ mi ló figbe ta bẹ́ẹ̀, gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ tẹ́ǹtì sì yíjú sí wa.

Nígbà tí ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ìyá rẹ̀ ti dúró dè é. “Kí ló dé tó o fi gbé e? Ṣebí o ti ń ṣe dáadáa bọ̀?”

“Mọ́mì, orúkọ yín ni mo gbọ́.”

“Ṣé èmi gan-an ni?”

“Ẹ̀yin lẹ sọ pé tẹ́ ẹ bá pè, kí n gbé e.” Ó wá yíjú sí mi. “Àǹtí, tí mi ò bá gbé e, wọ́n á máa pè ni. Tó bá yá, wọ́n á pe Dádì, Dádì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pè.”

Ọ̀rẹ́ mi ò rí nǹkan kan sọ. N ò bá a wí o, torí bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Wọn kì í pe ọmọ tó gbẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ́. Ibi yòówù kó wà, tó bá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, “Mà!” ló kàn, á sì tún máa sáré bọ̀ bó ṣe ń jẹ́ ẹ. Ẹ̀kọ́ yẹn la kó sínú àpótí wá sí Texas, a sì kọ́ àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ. Ọmọbìnrin yìí ò ka àtẹ̀jíṣẹ́ sí rárá. Ìwà ọmọlúàbí tí a fi tọ́ ọ ló tì í wọ abẹ́ akẹ́rù. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba èyí, wọn ò sì lè mọ̀ ọ́n. Àwa la mọ̀ ọ́n.

Tọ́rọ̀ bá sì di ti ará ilé, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹrin, wákàtí mẹ́fà ni Ìbàdàn fi ṣáájú Houston. Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé ń wakọ̀ relé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù lọ́hùn-ún. Àkókò yẹn gan-an ni ìyá àgbà ń rántí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó tó sùn, á sì pè é lórí WhatsApp, ti fídíò ni, torí ojú ọmọ náà ló fẹ́ rí.

Kí àwọn ọmọ tó kúrò níbẹ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan gba ìwé ìtanràn àfiṣeré, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ ní kíkọ. Ìtanràn gidi tó wà nínú òfin Texas kò tó nǹkan, láti dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún fún ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀, igba dọ́là ló sì pọ̀ jù fún ẹni tó tún un ṣe. Ṣíṣe òfin náà pàápàá ò rọrùn. Alex Brown, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ bó ṣe ń wakọ̀ lọ síléèwé lọ́dún 2009 ní ìwọ̀ oòrùn Texas, ọkọ̀ rẹ̀ takìtì, ó sì kú. Àwọn òbí rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́ ṣe. Lọ́dún 2011, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí òfin tó ka àtẹ̀jíṣẹ́ nídìí sítíárín léèwọ̀, Gómìnà Rick Perry kọ̀ ọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni òfin mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orúkọ Alex Brown ni wọ́n sì fi pè é. Àgbàlagbà ṣì lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù lábẹ́ òfin yẹn. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan án rárá, àyàfi tí wàhálà pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa nílé, òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó náà ka fóònù nídìí sítíárín léèwọ̀. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Ọ̀jọ́tà dé Ìbàdàn á sọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rọ náà ní àléébù tirẹ̀. Ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó di orí mú, èébì ń gbé e, nítorí ojú ń sọ fún ọpọlọ pé a ń rìn, ara sì ń sọ pé a jókòó sójú kan. Àwọn ọmọkùnrin kan ní sítíárín náà le jù, wọ́n ní ká ní mọ́tò tàwọn ni, àwọn ò ní kọlu nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó lè yọ irú èyí kúrò lẹ́nu ọ̀dọ́. Ó tún ku ibì kan: òbí mẹ́rin péré ló wá, bẹ́ẹ̀ ìwé ìpè dé ilé gbogbo wọn. Lójú tèmi, àwọn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé sínú mọ́tò yẹn, kí orúkọ ọmọ wọn máa dún létí wọn, ká wo ẹni tí kò ní gbé e.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti ń wakọ̀, ẹ bá mi ṣe nǹkan mẹ́ta lálẹ́ òní. Láti ọdún 2017 ni fóònù iPhone ti ní ètò kan tó máa ń pa ẹnu àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́ tí mọ́tò bá ti ń rìn, tó sì lè fúnra rẹ̀ fèsì pé onífóònù wà lójú ọ̀nà. Android náà ní irú rẹ̀. Ẹ jókòó ti ọmọ yín, kí ẹ jọ ṣí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un pé tẹ́ ẹ bá pè é lójú ọ̀nà, kó má gbé e, ẹ ò ní bínú, kò sì ní gbọ́ ọ nílé. Kẹ́ ẹ sì tún pe ìyá àgbà ní Ìbàdàn, kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún wọn pé láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mọ́kànlá, ọmọ-ọmọ wọn wà nídìí sítíárín. Tó bá délé, òun ni yóò pè wọ́n.